RO tàbí SRO: ìwé àṣẹ wo ni kí ẹ lépa nínú yàrá ìdarí ríákítọ̀?

Ẹ jẹ́ ká yọjú sí inú símúlétọ̀, yàrá ìdánrawò tí wọ́n ṣe bíi yàrá ìdarí ríákítọ̀, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń fi epo núkílíà pèsè ooru, lọ́jọ́ ìdánwò. Ènìyàn mẹ́ta ni wọ́n ń dán wò pọ̀. Méjì dojú kọ pátákó ìdarí, ọwọ́ wọn ò jìnnà sí bọ́tìnnì. Ẹnì kẹta dúró lẹ́yìn wọn, ìwé ìlànà ló gbé dání, kò sì fọwọ́ kan nǹkan kan lára pátákó. Álámù ń dún, iná pupa ń ṣẹ́jú. Ẹni ẹ̀yìn kà á jáde ketekete: "Ti fáàfù ìdènà." Ẹni iwájú dá ọ̀rọ̀ náà padà: "Kí n ti fáàfù ìdènà." "Bẹ́ẹ̀ gan-an ni." Ìgbà yẹn lọwọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ síbi bọ́tìnnì. Àwọn olùyẹ̀wò dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, bírò ò kúrò lọ́wọ́ wọn.

Ẹni iwájú ń wá ìwé àṣẹ Reactor Operator, tí gbogbo ará ibẹ̀ ń pè ní RO. Ẹni ẹ̀yìn ń wá ti Senior Reactor Operator, SRO. Ní Amẹ́ríkà, NRC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń mójú tó ọ̀rọ̀ núkílíà, ló ń fún èèyàn ní méjèèjì lábẹ́ òfin tí wọ́n ń pè ní 10 CFR Part 55. Yàtọ̀ sí ẹni tó ń kọ́ṣẹ́ lójú ẹni tó níwèé, kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan ohun tó ń yí agbára ríákítọ̀ padà bí kò bá ní ọ̀kan nínú wọn.

Ohun tí ẹ máa kọ́kọ́ gbọ́ bí ẹ bá ń béèrè kiri ni pé SRO ò ju RO tí wọ́n fi ìbéèrè mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n lé. Bó bá jẹ́ ti ká ka ìbéèrè, òótọ́ ni. Bó bá jẹ́ ti iṣẹ́, mi ò gbà. Ọwọ́ ni wọ́n ń dán wò lára RO. Ìdájọ́ ni wọ́n ń dán wò lára SRO. Ẹni tọ́wọ́ ẹ̀ yá nídìí pátákó lè kùnà níbi ìdájọ́, ẹni tó sì mọ òfin bí ẹni mowó lè dàrú nígbà tí ogún álámù bá ké pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ohun tí màá fi wọn méjèèjì wéra nìyẹn.

Kí ọ̀nà tó pín

Ìdánwò yìí kì í ṣe èyí tí èèyàn ń dá lọ gba fọ́ọ̀mù ẹ̀. Ilé iṣẹ́ tó ni ríákítọ̀ ló máa gbà yín síṣẹ́, ló máa kọ́ yín, òun náà ló sì máa fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù 398 ti NRC pé ẹ ti parí ẹ̀kọ́ àti pé òun nílò yín nípò náà. Ẹ tún gbọ́dọ̀ ti fọwọ́ ara yín yí agbára ríákítọ̀ padà, ó kéré tán lẹ́ẹ̀marùn-ún. RO o, SRO o, iye kan náà ni.

Dókítà náà ń dúró dè yín. Ọdún méjì-méjì ni ayẹ̀wò ara, kò sì dáwọ́ dúró lẹ́yìn tí ìwé bá ti dọ́wọ́ yín. Bí wọ́n bá rí ohun kan, kì í fìgbà gbogbo dí yín lọ́nà pátápátá: wọ́n lè kọ ọ́ sínú ìwé àṣẹ yín pé ẹ gbọ́dọ̀ máa lo gíláàsì, tàbí kí wọ́n fún yín ní èyí tí wọ́n ń pè ní "no-solo", ìyẹn ni pé ẹ ò gbọ́dọ̀ dá nìkan wà nídìí iṣẹ́.

Ìdánwò ìpìlẹ̀ ló kàn. Ìbéèrè 50, ẹ gbọ́dọ̀ gba 40. Ohun mẹ́ta ló dá lé: àwọn ẹ̀rọ bíi fáàfù àti páǹpù, bí ríákítọ̀ ṣe ń ṣiṣẹ́ nínú, àti ìmọ̀ ooru. Wọ́n á bi yín ní ìdí tí xenon, gáàsì kan tó ń dí iṣẹ́ ríákítọ̀ lọ́wọ́, fi ń pọ̀ sí i fún wákàtí mélòó kan lẹ́yìn tí wọ́n ti pa ríákítọ̀, tàbí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí páǹpù tí omi bá ń hó lẹ́nu rẹ̀. Ẹ̀dà méjì ló wà, ọ̀kan fún PWR, níbi tí omi inú ríákítọ̀ kì í ti í hó, tó jẹ́ pé ooru rẹ̀ ló ń gbé fún omi mìíràn. Èkejì fún BWR, níbi tí omi ti ń hó nínú ríákítọ̀ gan-an, tí oru rẹ̀ sì ń lọ yí tọ́bàìnì. Ẹ ò ní yan èyí. Ilé iṣẹ́ tó gbà yín ti yàn án fún yín.

Títí débí, ọ̀nà kan náà ni.

Ìdánwò orí ìwé

Ilé iṣẹ́ fúnra rẹ̀ ló sábà ń kọ ìbéèrè, NRC á yẹ̀ ẹ́ wò, á sì fọwọ́ sí i. Àwọn tó mọ ìbéèrè náà ti buwọ́ lùwé pé àwọn ò ní kọ́ ẹnikẹ́ni nínú àwọn tó fẹ́ ṣèdánwò mọ́. Nítorí náà bí olùkọ́ tí ẹ fẹ́ràn jù bá ṣàdédé di ẹni tí kì í dá yín lóhùn mọ́, ẹ má bínú sí i.

Ẹ wo iye tó wà ńbẹ̀ (JPM ni iṣẹ́ kan ṣoṣo tí ẹ máa ṣe níṣojú olùyẹ̀wò, a ó dé orí rẹ̀ láìpẹ́):

| | RO | SRO tààrà | RO tó ń gòkè sí SRO |
|---|---|---|---|
| Ìbéèrè orí ìwé | 75 | 100: 75 ti RO, 25 ti SRO | ó lè gbàyè láti ṣe 25 nìkan |
| Máàkì tó yege | 80% | 80% lápapọ̀, àti 70% nínú 25 | 80% bó bá jẹ́ 25 nìkan ló ṣe |
| Iṣẹ́ JPM lórí ìṣàkóso | 4 | 5 | 5 |
| Iṣẹ́ JPM lórí ẹ̀rọ | 11 | 10 | 5 |

Ìlà kejì yẹn ló máa ń gbé àwọn ọlọ́pọlọ ṣubú. Ẹ jẹ́ ká sọ pé ẹnì kan gba 70 nínú 75 ti RO, ó wá gba 12 nínú 25 ti SRO. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 82, ó ju 80 lọ. Síbẹ̀ ó ti kùnà, torí pé 12 nínú 25 ò tó ìdajì, 18 ló sì kéré jù tó lè gbé e kọjá. Bó ti wù kí ó mọ ẹ̀rọ tó, kò lè fi bo ohun tí kò mọ̀ nípa ìdájọ́.

Kí ló wà nínú 25 yẹn tó fi le báyìí? Ẹ mú páǹpù kan ṣoṣo, ọ̀kan nínú àwọn páǹpù àpamọ́ tó ń fi omi sí ríákítọ̀ nígbà ìṣòro. Ìbéèrè RO á lọ báyìí: àmì wo ló máa jẹ́ kí páǹpù yìí bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ fúnra rẹ̀, iná wo ló sì ń gbé e ṣiṣẹ́? Ẹ mọ̀ ọ́n tàbí ẹ ò mọ̀ ọ́n. Ìbéèrè SRO mú páǹpù kan náà, ó ní: wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i pé kò lè ṣiṣẹ́, ríákítọ̀ sì wà ní 100%. Báwo ló ṣe lè pẹ́ tó báyìí, kí ló máa tẹ̀ lé e bí àsìkò bá pé tí wọn ò tíì tún un ṣe, kí sì nìdí tí wọ́n fi fún un ní àsìkò yẹn? Ìwé tí ìdáhùn rẹ̀ wà ni wọ́n ń pè ní Tech Specs, ààlà inú ìwé àṣẹ ilé iṣẹ́ tí ilé iṣẹ́ náà kò gbọ́dọ̀ kọjá. Ní ọ̀pọ̀ PWR, wákàtí 72 ni fún irú páǹpù bẹ́ẹ̀. RO náà ní láti mọ Tech Specs, àmọ́ èyí tí àsìkò rẹ̀ ò ju wákàtí kan lọ ni wọ́n retí pé kó wà lórí rẹ̀. Èyí tó jù bẹ́ẹ̀ lọ, àti ìdí tó wà lẹ́yìn rẹ̀, ẹrù SRO ni.

Nǹkan bíi méje ni òfin kà sí ti SRO nìkan nínú ìdánwò orí ìwé: Tech Specs àti ìdí rẹ̀ wà níbẹ̀, ewu ìtànṣán wà níbẹ̀, kíkó epo núkílíà sínú ríákítọ̀ wà níbẹ̀. Èyí tí mo rò pé ó ṣe pàtàkì jù ni pé kí èèyàn wo bí nǹkan ṣe rí, kí ó sì mọ ìwé ìlànà tó yẹ kó ṣí. RO kì í sábà yan ìwé. Wọ́n máa ń gbé e fún un ni. Bí ẹ bá jẹ́ ẹni tí ọkàn rẹ̀ máa ń balẹ̀ bí wọ́n bá ti sọ ohun tó máa ṣe fún un, ẹ fi èyí sọ́kàn.

JPM: ẹ ṣe é kí n rí i

JPM ni wọ́n ń pe iṣẹ́ kan ṣoṣo tí olùyẹ̀wò máa ní kí ẹ ṣe níṣojú òun. Á fún yín ní páálí kékeré kan tí wọ́n kọ ipò tí ríákítọ̀ wà àti ohun tí wọ́n ń fẹ́ sí. Ẹ̀yin lẹ máa wá ìwé ìlànà tó bá a mu, tí ẹ ó sì ṣe é láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Àwọn ìgbésẹ̀ kan wà tó jẹ́ pé bí ẹ bá fo ọ̀kan péré, iṣẹ́ náà ti bàjẹ́, bí ìyókù tiẹ̀ dára bíi wúrà.

Ibí ni RO ti ń jìyà jù. Iṣẹ́ mọ́kànlá lórí ẹ̀rọ, mẹ́jọ nínú yàrá ìdarí, mẹ́ta láàárín ilé iṣẹ́ gan-an. Àwọn mẹ́ta tó kẹ́yìn yẹn máa ń pa ẹni tí kò bá mọ̀ lẹ́rìn-ín. Fìlà ààbò ń bẹ lórí, gíláàsì ààbò ń bẹ lójú, ẹ dúró níwájú fáàfù gidi nínú ilé iṣẹ́ tó ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́, ẹ ò sì gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn án. Ẹ ó nàka sí i: "Èyí ni màá yí, apá òsì ni màá yí i sí, títí tí kò fi ní lọ mọ́, màá wá wo gééjì yìí." Olùyẹ̀wò á ní, "Gééjì ti dé ibi tí ẹ fẹ́." Ẹ ó tẹ̀ síwájú. Tàbí kó ní, "Fáàfù ò yí." Ẹ ti bọ́ sínú irú JPM tí ọ̀nà rẹ̀ máa ń yà láàárín, níbi tí ohun kan ti kọṣẹ́ lójú iṣẹ́, tí ẹ sì gbọ́dọ̀ wá ọ̀nà mìíràn fúnra yín. Ẹni tó ti fi ọdún mélòó kan rìn kiri inú ilé iṣẹ́ kó tó wọ yàrá ìdarí kì í bẹ̀rù apá yìí. Ẹni tó bá wá tààrà láti ọ́fíìsì àwọn ẹnjiníà ló máa ń wá fáàfù kiri bí ẹni tó sọ kọ́kọ́rọ́ nù.

Níbi iṣẹ́ ìṣàkóso ni ọ̀rọ̀ ti yí padà. Bí RO bá ṣe ìṣirò, SRO lè rí ìṣirò tí ẹlòmíràn ti ṣe gbà, kí wọ́n ní kó yẹ̀ ẹ́ wò kó tó buwọ́ lù ú. Àṣìṣe ti wà nínú rẹ̀. Kò sẹ́ni tó máa sọ iye rẹ̀ fún un. Lẹ́yìn náà ni ti pàjáwìrì: wọ́n á kó àmì jọ síwájú SRO, ìtànṣán ibí ti ga, ìfúnpá ọ̀hún ti wálẹ̀, wọ́n á ní kó sọ irú ipò tí ilé iṣẹ́ wà nínú ìpele mẹ́rin tí òfin là sílẹ̀, láti Unusual Event tó kéré jù dé General Emergency tó le jù. Ìṣẹ́jú 15 ló ní. Aago ń lọ níṣojú rẹ̀. Bó bá pe ipò náà kéré ju bó ṣe rí lọ, ó kùnà. Bó bá pè é ju bó ṣe rí lọ, ó kùnà bákan náà.

Nínú símúlétọ̀

Ohun mẹ́rin ni wọ́n fi ń wọn RO níbí: ṣé ó yé e ohun tó ń ṣẹlẹ̀, ṣé ó tẹ̀ lé ìwé ìlànà, báwo ni ọwọ́ rẹ̀ ṣe ń lọ lórí pátákó, báwo ló ṣe ń sọ̀rọ̀. Wọ́n á wọn SRO bó ṣe ń darí àwọn ènìyàn, wọ́n á sì wo bó ṣe ń lo Tech Specs nígbà tí gbogbo nǹkan ń jó. Ẹni tó ń wá SRO tààrà, tí kò ṣe RO rí, kò lè dúró sẹ́yìn nìkan. Ó gbọ́dọ̀ jókòó sídìí pátákó náà nínú ọ̀kan nínú àwọn eré ìdánwò tí wọ́n ń ṣe nínú símúlétọ̀ ó kéré tán, kí wọ́n lè rí i pé ọwọ́ rẹ̀ mọ ohun tí ẹnu rẹ̀ ń pa láṣẹ. Lójú tèmi, ìyẹn ló jẹ́ kí ọ̀nà tààrà le ju bí ìwé ìpolówó iṣẹ́ ṣe ń sọ.

Ìdí tí apá yìí fi wúwo báyìí ń bẹ ní Pennsylvania. Ní òwúrọ̀ kùtùkùtù ọjọ́ 28 oṣù kẹta ọdún 1979, fáàfù kan tó ń tú ìfúnpá sílẹ̀ ní ríákítọ̀ kejì Three Mile Island ṣí, ó sì kọ̀ kò padé. Iná tó wà lórí pátákó sọ pé ó ti padé. Ṣùgbọ́n àṣẹ tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí fáàfù ni iná yẹn ń fi hàn, kì í ṣe ibi tí fáàfù fúnra rẹ̀ wà. Omi ń jáde lọ. Àwọn tó wà nídìí iṣẹ́ rí i tí gééjì ń sọ pé omi ń pọ̀ sí i nínú táńkì ìfúnpá, wọ́n sì dín omi ìrànwọ́ tí ẹ̀rọ ń bù sínú ríákítọ̀ kù, torí pé ohun tí wọ́n kọ́ wọn láti bẹ̀rù ni kí táńkì yẹn má kún dẹ́nu. Ó lé ní wákàtí méjì kí ẹnì kan tó ti fáàfù ìdènà. Nígbẹ̀yìn, apá kan nínú epo núkílíà yọ́.

Gbogbo wọn ló níwèé. Ẹ̀yìn ọjọ́ náà ni ìdánwò yí padà: símúlétọ̀ tó jọ yàrá ìdarí gidi di dandan, wọ́n sì ń bi èèyàn bí ó ṣe ń gba àmì kan gbọ́ tàbí tó ń fi òmíràn wádìí rẹ̀ kó tó ṣe ohunkóhun. Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí, àmọ́ ojú kan ò tó níbí. Bí ẹ bá ti ń ka gééjì kan ṣoṣo tí ẹ sì ń gbé ìgbésẹ̀ lórí rẹ̀, olùyẹ̀wò ti kọ ọ́ sílẹ̀.

Ohun kan tún wà tí òfin fi lé SRO lọ́wọ́ tí RO ò ní. Bí ewu bá dé tó jẹ́ pé àti dáàbò bo ará ìlú gba kí wọ́n yẹsẹ̀ kúrò nínú ohun tí ìwé àṣẹ ilé iṣẹ́ wí, tí kò sì sí ọ̀nà mìíràn tó hàn lójú ẹsẹ̀, 10 CFR 50.54(x) gbà wọ́n láyè. Ṣùgbọ́n SRO kan ni ẹni tó kéré jù tó lè fọwọ́ sí i, ó sì gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i kí wọ́n tó ṣe é. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Àgbà ọjà náà nìyẹn, òun ni wọ́n máa bi léèrè lọ́jọ́ kejì.

Lẹ́yìn tí ìwé bá ti dọ́wọ́

Kò sí ìyàtọ̀ púpọ̀ níbí. Ọdún mẹ́fà ni ìwé méjèèjì ń lò kí wọ́n tó tún un ṣe. Láàárín rẹ̀, ìdánwò ọwọ́ ń bẹ lọ́dọọdún, ti orí ìwé ń bẹ lẹ́ẹ̀kan láàárín ọdún méjì. Láti máa lò ó lójú iṣẹ́, ẹ gbọ́dọ̀ ṣe ìṣọ́ oníwákàtí mẹ́jọ méje, tàbí oníwákàtí méjìlá márùn-ún, ní oṣù mẹ́ta-mẹ́ta. Ẹni tó bá já a gbọ́dọ̀ tún fi wákàtí 40 jókòó ti ẹlòmíràn kí wọ́n tó fà á lé e lọ́wọ́ padà.

Ohun tó máa ń ya àwọn ènìyàn lẹ́nu ni pé ìwé náà kì í bá yín rìnrìn àjò. Ọjọ́ tí ẹ bá fi ilé iṣẹ́ yẹn sílẹ̀, ó ti kú. Kódà láàárín ọgbà kan náà: ní Vogtle ní Georgia, ríákítọ̀ mẹ́rin ló wà, àmọ́ 3 àti 4, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ọjà ní 2023 àti 2024, jẹ́ irú AP1000, wọn ò sì jọ 1 àti 2. Ìwé àṣẹ fún méjì àkọ́kọ́ ò ṣí ilẹ̀kùn méjì tó kẹ́yìn.

Bí ẹ bá kùnà ńkọ́? Oṣù méjì lẹ́yìn tí wọ́n bá kọ̀ yín, ẹ lè tún gbìyànjú. Bí ó bá di ẹ̀ẹ̀kejì, oṣù mẹ́fà. Lẹ́yìn ìyẹn, ọdún méjì-méjì. Bí ẹ bá yege ní orí ìwé tí ẹ sì kùnà ní ti ọwọ́, tàbí òdì-kejì rẹ̀, ẹ lè bẹ NRC kí wọ́n má tún bi yín ní èyí tí ẹ ti yege. Ẹni tó ń ṣe SRO tààrà ní láti rò ó dáadáa, torí pé bó bá kùnà, kò ní RO kankan lọ́wọ́ tó máa padà sí. RO tó ń gòkè, bó tilẹ̀ ṣubú, ìwé RO rẹ̀ ṣì wà.

Ta ni kó lọ síbo?

Bí ẹ bá ti ń ṣiṣẹ́ láàárín ilé iṣẹ́, tí ẹ mọ fáàfù lórúkọ, tí dìgírì kò sì sí, RO ni. Ní ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́, ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ló ń gbèjà RO, wákàtí ni wọ́n fi ń sanwó fún un, owó àṣekún sì lè gbé owó oṣù rẹ̀ dé ibi tí ọ̀gá rẹ̀ á máa wò ó. SRO ti bọ́ sí ẹgbẹ́ àwọn ọ̀gá. Kò lè bá wọn daṣẹ́ sílẹ̀.

Bí ẹ bá jẹ́ ẹnjiníà tó ní dìgírì tí ilé iṣẹ́ sì fi ọ̀nà tààrà lọ̀ yín, mi ò ní kí ẹ kọ̀ ọ́. Àkàbà tó ń lọ sí ọ̀gá ìṣọ́ wà lọ́dọ̀ SRO nìkan, àyè SRO sì máa ń ṣí: ríákítọ̀ kan tó ń ṣiṣẹ́ gbọ́dọ̀ ní ó kéré tán SRO méjì àti RO méjì lórí ìṣọ́ kọ̀ọ̀kan. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó fọwọ́ sí i, ẹ bèèrè oṣù tí wọ́n máa fún yín láti rìn láàárín ilé iṣẹ́ kí kíláàsì tó bẹ̀rẹ̀. Bí wọ́n bá sọ pé "ẹ ó kọ́ ọ nínú símúlétọ̀", ẹ tún un bèèrè. Àwọn iṣẹ́ mẹ́ta tí ẹ ò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan nǹkan níbẹ̀, símúlétọ̀ kò lè kọ́ yín ní ọ̀kankan nínú wọn.

Èmi, bí ẹ bá ní kí n yan fún ẹni tí ó ní àsìkò: RO ṣáájú, kí ó jókòó ti pátákó fún ọdún díẹ̀, kí ó wá gòkè. Iye JPM lórí ẹ̀rọ á dín sí márùn-ún, ìbéèrè lè dín sí 25, àṣẹ tó bá sì pa lọ́jọ́ iwájú, á ti mọ bó ṣe máa ń rí létí ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ wà lórí bọ́tìnnì.

Ìwé kẹta kan wà, SRO tí wọ́n fi mọ sí kíkó epo núkílíà nìkan. Ó wúlò nígbà tí wọ́n bá pa ríákítọ̀ láti pààrọ̀ epo, àmọ́ kò fún èèyàn láṣẹ àti darí ríákítọ̀ tó ń ṣiṣẹ́. Bí wọ́n bá fi lọ̀ yín bí ẹni pé SRO gidi ni, ẹ ní kí wọ́n kà á jáde fún yín.